AR Fún Kíkọ́ Ẹ̀yà Ara Èèyàn: Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Wá Jù Nílẹ̀ Òkun, Pẹ̀lú Ìdáhùn

Ẹ òkun o. Àwa tíṣà báyọ́lọ́jì àtàwọn tó ń kọ́ ọmọ nọ́ọ̀sì ní apá Kàbà, Ìsánlú, Mọpà àti Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí la máa ń rí ìbéèrè yìí gbà lórí WhatsApp, ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ní gbogbo ìgbà, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ sójú kan. Ẹ wá èyí tó kàn yín níbẹ̀.

Kí ni AR yìí gan-an?

Kámẹ́rà fóònù yín ń fi ibi tẹ́ ẹ wà hàn yín, ápù wá gbé nǹkan tí kò sí níbẹ̀ lé e lórí, bíi pé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ gbé fóònù sókè, tábìlì tó wà níwájú kíláàsì náà lẹ ń wò, àmọ́ ọkàn èèyàn kan wà lórí ẹ̀ tó ń lù kìkì, ẹ lè rìn yí i ká, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ lè sún mọ́ ọn títí ẹ ó fi máa wo inú ẹ̀. Augmented reality ni orúkọ ẹ̀ ní kíkún, àmọ́ AR lẹnu gbogbo wa mọ̀.

Ó ti pẹ́ láyé ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ní 1968 ni Ivan Sutherland ní Amẹ́ríkà ti ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń dé sórí, tó ń gbé àwòrán kọ̀ǹpútà síwájú ohun téèyàn ń wò, ó wúwo débi pé ara àjà ni wọ́n gbé e kọ́. Ohun tó wá gbé AR dé ọwọ́ àwa tá à ń gbé lábúlé ni fóònù, torí ní 2017 ni Apple gbé ARKit jáde tí Google náà sì gbé ARCore tiwọn jáde, ètò tó ń jẹ́ kí ápù lè ṣe AR lórí fóònù ni méjèèjì, látìgbà yẹn ni fóònù lásán ti lè ṣe ohun tí wọ́n ń ra ẹ̀rọ olówó ńlá fún tẹ́lẹ̀.

Ṣé òun náà kọ́ ni VR tí wọ́n máa ń fi bo ojú?

Rárá o. VR máa ń bo ojú pátápátá, ẹ ò ní rí kíláàsì mọ́, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín. AR ò bo nǹkan kan. Tíṣà ń rí ojú ọmọ, ọmọ ń rí tíṣà, ó sì ń rí ara òun fúnra ẹ̀, èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi torí ara tirẹ̀ ni ìwé tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara ni AR bá mu tó bẹ́ẹ̀?

Torí ara èèyàn ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, ó ní inú lọ́hùn-ún, pátákó àti ìwé ò sì ní ju ojú kan lọ. Ẹ ní kí ọmọ SS2 fọwọ́ kan ibi tí kíndìnrín ẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ wọn á fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ìdodo, torí bó ṣe wà nínú àwòrán ìwé nìyẹn. Ẹ̀yìn ni kíndìnrín wà, lábẹ́ àwọn eegun ìhà tó kẹ́yìn, tọwọ́ ọ̀tún sì máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju tọwọ́ òsì lọ torí ẹ̀dọ̀ tó wà lókè ẹ̀. Ọmọ tó bá ti rìn lọ sẹ́yìn àwòrán AR lẹ́ẹ̀kan, tó rí i pé ìfun wà níwájú tí kíndìnrín wà lẹ́yìn, kò ní gbàgbé mọ́.

Ìdí kejì ni pé ilé ìwé tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ò ní egungun ike tí wọ́n ń fi kọ́ni, ṣáàtì kan ṣoṣo tó ti ya létí ló wà lára ògiri. Àgbàlagbà ní eegun 206, 27 nínú ẹ̀ wà ní ọwọ́ kan ṣoṣo láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka, báwo lọmọ ṣe fẹ́ rí ìyẹn lára ṣáàtì tó wà lókè pátákó tí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ò tiẹ̀ lè kà.

Báwo ni fóònù ṣe mọ ibi tó máa gbé àwòrán sí?

Kámẹ́rà ń wá àwọn ibi tó yàtọ̀ síra lójú ẹ̀, igun tábìlì, àmì lára ògiri, bátànì aṣọ, ó ń sàmì sí wọn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń rìn, àwọn àmì yẹn ń sún nínú àwòrán, fóònù sì ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń mọ̀ bó bá yí tàbí tó bá sún, ó pa méjèèjì pọ̀ ó sì ń ṣírò ibi tó wà. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi máa ń sá lọ bẹ́ ẹ bá gbé e sórí táìsì funfun tó ń dán tàbí tábìlì tí kò ní àmì kankan, kò rí nǹkan dì mú.

Àtúnṣe ẹ̀ ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ tẹ́ ànkárá tó ní bátànì sórí tábìlì, tàbí ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ẹ rọra gbé fóònù káàkiri kẹ́ ẹ tó tẹ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé àwòrán sí. Irú AR mìíràn tún wà tó jẹ́ pé bébà tí wọ́n tẹ àmì sí lẹ máa tẹ́ sílẹ̀, kámẹ́rà bá rí àmì yẹn àwòrán á yọ lórí ẹ̀, ìyẹn kì í yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì dáa fún ọmọ kékeré.

Ṣé fóònù mi á gbé e?

Tó bá jẹ́ Android, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ Android 7.0 sókè, àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó, Google ní ìwé orúkọ àwọn fóònù tí ARCore ń ṣiṣẹ́ lórí wọn, bí orúkọ tiyín ò bá sí níbẹ̀ kò ní ṣe é. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ sí Play Store, kẹ́ ẹ wá Google Play Services for AR, bó bá ní kò bá fóònù yín mu, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. iPhone, láti 6s lọ sókè ni.

Ẹ jọ̀ọ́ bẹ́ ẹ bá ń lọ ra fóònù tórí ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹni tó ń tajà á sọ fún yín pé gbogbo fóònù ló ń ṣe é. Èmi ò sì ní rọ ẹnikẹ́ni kó ra fóònù tuntun tórí AR. AR oníbébà tí mo sọ lókè yẹn ò nílò ARCore, ó lè ṣiṣẹ́ nínú Chrome lásán, AR.js àti MindAR ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì.

Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa ní abúlé wa, ṣé ó máa ń jẹ dátà?

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń dánlóòdù ẹ̀ ló ń jẹ dátà. Ápù ẹ̀yà ara tó kún dáadáa lè tóbi ju 1GB lọ, torí náà ẹ dánlóòdù ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá wà ní Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja tí nẹ́tíwọ̀kì ti lágbára, ẹ má dúró di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kọ́ ọmọ ní Bùnú. Lẹ́yìn náà ẹ pa dátà, ẹ ṣí ápù yẹn, ẹ dán gbogbo apá tẹ́ ẹ fẹ́ lò wò. Àwọn ápù kan á ní àwọn ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bẹ́ ẹ bá tẹ ọpọlọ báyìí wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé, níwájú ogójì ọmọ.

Iná ńkọ́?

AR ń jẹ bátìrì gan-an, torí kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, síkíríìnì tàn, ọpọlọ fóònù sì ń ṣírò láìdúró. Fóònù á gbóná, bó bá gbóná jù àwòrán á máa fà. Ẹ cháàjì kún kẹ́ ẹ tó wá, ẹ mú power bank dání, ẹ má lò ó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó pa á kó sinmi. Àsìkò tó ń sinmi yẹn lọmọ máa fi yàwòrán.

Ṣé a ò ní láti ra gíláàsì ńlá tí wọ́n ń fi hàn lórí YouTube?

Ẹ ò nílò ẹ̀. HoloLens ti Microsoft ló pọ̀ jù nínú fídíò wọ̀nyẹn, 2016 ló kọ́kọ́ jáde, ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde ní 2019 ní 3,500 dọ́là ẹyọ kan. Yunifásítì Case Western Reserve ní Cleveland ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó fi í kọ́ ọmọ ìṣègùn. Ó dáa lóòótọ́, ọwọ́ èèyàn ṣófo, gbogbo kíláàsì lè máa wo ara kan náà láàárín yàrá. Ṣùgbọ́n Microsoft fúnra wọn ti dá ṣíṣe ẹ̀ dúró ní 2024, torí náà bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá pé kí ilé ìwé yín rà á, ẹ bi í pé bó bá bàjẹ́ lọ́la ta ló máa tún un ṣe.

Fóònù kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi, ọmọ sì lé ní ogójì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ so fóònù mọ́ tẹlifíṣàn tàbí pírójẹ́kítọ̀ kí gbogbo wọn rí i. Bí kò bá sí, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gba fóònù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí àwọn yòókù máa ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú ẹ̀kọ́ kan náà.

Nínú ọ̀wọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan máa wòran lásán. Ọmọ kan di fóònù mú ó ń sọ ohun tó ń rí jáde lẹ́nu, òmíràn ń wá ibẹ̀ lára ara ẹ̀, ẹ̀kẹta ń yà á sínú ìwé láti inú ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ń sọ, wọ́n á sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ọmọ tó bá gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ibi tí ẹ̀dọ̀ wà fún ẹni tí kò rí i, ó ti ń kọ́ ara ẹ̀ nìyẹn. Bí ilé ìwé yín ò bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, èyí ò ba òfin jẹ́, fóònù tíṣà ni gbogbo wọn ń lò.

Ṣé ẹ lè fi ẹ̀kọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, látìbẹ̀rẹ̀ dópin?

Ká mú ọkàn. Fóònù ṣì wà nínú àpò. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìka méjì wá ìlù ọkàn ní ọrùn ọwọ́ lápá àtàǹpàkò, lẹ́yìn náà lábẹ́ àgbọ̀n. Kí wọ́n di ìkúùkù, ọkàn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù wọn lọ. Kí wọ́n wá ya ọkàn bí wọ́n ṣe rò pé ó rí àti ibi tí wọ́n rò pé ó wà nínú àyà, ẹ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ wọn, ẹ má ṣàtúnṣe kankan sí i.

Ìgbà yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mú fóònù jáde. Ẹ ṣí ọkàn sórí tábìlì, kí wọ́n tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo: ó ti ara dé sí yàrá òkè lápá ọ̀tún, ó bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ gba atẹ́gùn, ó padà sí yàrá òkè lápá òsì, ó bọ́ sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti tì í jáde sí gbogbo ara. Ẹ bi wọ́n kí ló dé tí ògiri yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì fi nípọn ju tọ̀tún lọ, ẹ má tètè dáhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó: apá kan ń ti ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí, apá kejì ń tì í dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti máa ń kọsẹ̀ ni ọ̀tún àti òsì. Ọkàn inú ápù kọjú sí yín, torí náà òsì ẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín, inú ìwé náà bẹ́ẹ̀ ló rí, ọmọ tó pọ̀ ló sì ń kọ orúkọ sí òdìkejì nínú ìdánwò. Pẹ̀lú AR, ẹ ní kí ọmọ rìn lọ sẹ́yìn ọkàn yẹn kí òun àti ọkàn jọ kọjú síbì kan náà, òsì ẹ̀ á di òsì ọkàn. Ohun tí AR ṣe tó wú mi lórí jù nìyí, torí ṣáàtì ò lè ṣe é láé.

Lẹ́yìn náà ẹ mú ọkàn màlúù tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ alápatà jáde. Yàrá mẹ́rin lòun náà ní. Ẹ là á, kí wọ́n ti ìka bọ ẹnu ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá òkè àti tìsàlẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan àwọn okùn tín-ín-rín tó so ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ògiri, kí wọ́n fọwọ́ wọn bí ọ̀tún àti òsì ṣe nípọn jura lọ. Kí wọ́n fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Kí wọ́n wá tún ọkàn yà, láìwo ibì kankan, kẹ́ ẹ sì dá ìwé àkọ́kọ́ padà fún wọn kí wọ́n fúnra wọn gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ápù wo ni ká lò?

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ wo Z-Anatomy, ara èèyàn lódindi ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè lò ó, tiẹ̀ sì jẹ́ àwòrán 3D, èyí tẹ́ ẹ lè yí wò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ lórí síkíríìnì, ju AR lọ àmọ́ a lè fi ṣe AR, mo máa dé orí ìyẹn nísàlẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń sanwó fún, Complete Anatomy àti Human Anatomy Atlas ló kún jù, ọmọ ìṣègùn àti ọmọ nọ́ọ̀sì ló yẹ kó ronú nípa wọn. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ò nílò ẹ̀.

Ṣé wọ́n máa béèrè ẹ̀ nínú WAEC?

Wọn ò ní béèrè AR. Wọ́n á ní kí ọmọ yàwòrán, kó kọ orúkọ sí i, kó dá ohun tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀ mọ̀. Torí náà ẹ̀kọ́ AR tí kò parí sórí pẹ́ńsùlù àti ìwé, eré lẹ ṣe.

Èdè wo ni ká fi kọ́ wọn?

Ẹ fi èdè tí wọ́n ń sọ nílé ṣàlàyé, kẹ́ ẹ kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sójú pátákó torí ìdánwò. Ọmọ Yàgbà tàbí ọmọ Ìjùmú tó mọ ẹ̀dọ̀, ìfun, òróòro àti ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n bá pa ewúrẹ́ nílé, ó ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí kó tó dé kíláàsì, ẹ bá a lo ohun tó ti mọ̀.

Àwọn òbí ń bínú pé ìhòòhò la fi ń han ọmọ wọn. Kí la fẹ́ ṣe?

Ẹ má bá wọn jà, ẹ pè wọ́n wá. Kẹ́ ẹ tó lò ó fún ọmọ, ẹ fi han àwọn òbí ní ìpàdé PTA, ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ àti ìmáàmù tó bá wà níbẹ̀ gba fóònù wò fúnra wọn. Ẹ ṣàlàyé pé àwòrán kọ̀ǹpútà ni. Nínú ọ̀pọ̀ ápù ẹ lè yọ awọ kúrò, kẹ́ ẹ sì ṣí apá kan ṣoṣo, bóyá eegun nìkan tàbí ibi tí oúnjẹ ń gbà nìkan.

Apá ìbímọ, kò yẹ ká fò ó torí ìtìjú. Ọmọbìnrin tí kò mọ ibi tí ilé ọmọ wà nínú ara ẹ̀ ló máa gba ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un gbọ́. Ẹ kọ́ ọ nígbà tó yẹ, kí òbí mọ̀ ṣáájú, kí tíṣà obìnrin wà níbẹ̀.

Ó ń kọ́ ọmọ kan lóyì. Ṣé ewu wà ńbẹ̀?

VR ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Bí AR bá ṣe é fún ọmọ kan, kó gbé ojú kúrò kó jókòó, kó máa wò ó lórí tẹlifíṣàn. Ewu tó wà ni pé ọmọ tó ń rìn sẹ́yìn pẹ̀lú fóònù lójú lè ṣubú lu bẹ́ǹṣì, ẹ sún àga kúrò lọ́nà.

Ṣé ìwádìí ti fi hàn pé AR dáa ju ìwé lọ?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní 2017, Christian Moro àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Bond ní Australia mú akẹ́kọ̀ọ́ 59, wọ́n fi VR kọ́ àwọn kan nípa agbárí, wọ́n fi AR kọ́ àwọn kan, wọ́n fi tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ àwọn tó kù. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò, máàkì wọn ò yàtọ̀ síra tó nǹkan, àwọn tó lo VR ló sì ní orí fífọ́ àti òyì jù. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé AR nìkan á gbé máàkì ọmọ sókè, ó ń tajà ni.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi wé e. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní ara èèyàn 3D nínú ni, tí ọmọ lè yí bó ṣe wù ú. Lọ́dọ̀ wa ohun tí à ń fi AR rọ́pò ni ṣáàtì tó ti ya àti ẹnu tíṣà. Ìwádìí mìíràn láti Leiden ní Netherlands, tó jáde ní 2020, rí i pé àwọn tó máa ń ṣòro fún láti fi ọkàn ya bí nǹkan ṣe rí láti ẹ̀yìn tàbí láti ẹ̀gbẹ́ ni AR inú gíláàsì, tí ojú méjèèjì ń rí jíjìn ẹ̀, ràn lọ́wọ́ jù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo kíláàsì, àwọn la sì máa ń pè ní olódo láìtọ́.

Ṣé AR lè rọ́pò òkú tí wọ́n ń là ní yunifásítì?

Kò lè rọ́pò ẹ̀. Nínú ápù, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti ọkàn pupa, èyí tó ń padà jẹ́ búlúù, nẹ́ẹ̀fù, okùn tó ń gbé ìmọ̀lára káàkiri ara, jẹ́ yẹ́lò, ọ̀rá ò sí níbẹ̀ rárá. Nínú ara gidi, àwọ̀ wọn sún mọ́ra, ọ̀rá bo gbogbo ẹ̀, ọwọ́ ló máa sọ fún dókítà lọ́la pé èyí le, èyí rọ̀, èyí ní ihò nínú. Síkíríìnì ò lè kọ́ ọwọ́.

Síbẹ̀ ẹ bi àwọn ọmọ wa tó ń ka ìṣègùn ní Ìlọrin tàbí Zaria bó ṣe máa ń rí, èèyàn á pọ̀ yí tábìlì kan ká, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní rí nǹkan, òórùn formalin, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kó má bàa jẹrà, á sì máa ta lójú, oògùn yẹn sì wà lára ohun tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti kà mọ́ àwọn tó ń fa jẹjẹrẹ. Nílẹ̀ wa, òkú tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà ni wọ́n sábà máa ń lò, torí àwa ò ní àṣà kéèyàn fi ara ẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìwé, a fẹ́ sin èèyàn wa sílé. Mi ò rí i bí ìyẹn ṣe máa yí padà láìpẹ́. Nítorí náà kí ọmọ fi AR múra sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó ti mọ ohun tó ń wá àti ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, ìgbà díẹ̀ tó bá wá kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ò ní ṣòfò. Ó sì jẹ́ ọ̀nà kan láti bọlá fún ẹni tó wà lórí tábìlì yẹn.

Ara ta ni wọ́n ń fi hàn wá nínú ápù yìí?

Ìbéèrè gidi nìyí, ì bá wù mí kí àwọn èèyàn máa bi í jù báyìí lọ. Ọ̀pọ̀ àwòrán 3D ló dá lórí ara èèyàn díẹ̀. Ní 1994, ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà gbé àwòrán ara ọkùnrin kan jáde tí wọ́n gé ní mílímítà kọ̀ọ̀kan láti orí dé ẹsẹ̀ lẹ́yìn tó kú, ní 1995 wọ́n gbé tobìnrin jáde, tiẹ̀ tún fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. BodyParts3D tí Z-Anatomy jáde látinú ẹ̀, Japan ló ti wá, ara ọkùnrin ni.

Ara yín lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ dán èyí wò nínú kíláàsì: kí gbogbo ọmọ so àtàǹpàkò mọ́ ọmọńdinrín, kí wọ́n tẹ ọrùn ọwọ́ síwájú díẹ̀. Okùn kan á yọ láàárín ọrùn ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn, àwọn kan ò ní ní i, ẹlòmíràn á ní i lọ́wọ́ kan kò ní í ní lọ́wọ́ kejì. Palmaris longus lorúkọ ẹ̀, kò sí àrùn kankan lára ẹni tí kò ní i, àmọ́ ápù á fi hàn bíi pé dandan ni. Àwọn èèyàn kan tiẹ̀ wà tí ọkàn wọn kọjú sọ́tùn-ún, tí ẹ̀dọ̀ wọn wà lósì, tí wọ́n sì dàgbà láìmọ̀.

Bí ápù bá sọ ohun kan tí ìwé sọ òmíràn ńkọ́?

Fún ìdánwò, ẹ tẹ̀ lé ìwé tí sílébọ́ọ̀sì yàn. Fún òótọ́ ọ̀rọ̀, ẹ bi ẹni tó ti rí inú ara, nọ́ọ̀sì àgbà tàbí dókítà, ọsibítù ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ ti wà láti 1952, àwọn tó mọ iṣẹ́ ò jìnnà sí wa. Ẹ má ṣe fi ìdáhùn AI parí àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.

Ṣé àwa fúnra wa lè ṣe tiwa?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì rọrùn ju bó ṣe ń dún lọ. Ẹ mú ẹ̀yà kan láti inú Z-Anatomy, ẹ ṣí i nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, ọ̀fẹ́ lòun náà, ẹ dín in kù kó lè fúyẹ́, ẹ fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi GLB, irú fáìlì 3D kan. Ẹ wá gbé e sórí MindAR pẹ̀lú àwòrán kan tẹ́ ẹ tẹ̀ sórí bébà. Ẹ lè fi ohùn yín sí i, kí ọmọ tẹ ẹ̀dọ̀fóró kó gbọ́ àlàyé ní ohùn Owé tàbí Yàgbà. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tẹ́ ẹ ti mú un, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn náà lè lo tiyín lọ́fẹ̀ẹ́, òfin tí wọ́n fi gbé e sílẹ̀ nìyẹn.

Ṣé a lè gbé AR lé ara aláìsàn láti mọ ibi tá a máa fún un lábẹ́rẹ́?

Rárá, rárá. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń béèrè èyí ló ń ṣiṣẹ́ ní kẹ́mísì tàbí ilé ìwòsàn kékeré, mo mọ̀ pé ire lẹ rò, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa. Nẹ́ẹ̀fù kan wà tí wọ́n ń pè ní sciatic, òun ló tóbi jù nínú ara, ó nípọn tó ìka, ó gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹ̀yìn itan. Abẹ́rẹ́ tó bá bà á lè sọ ẹsẹ̀ ọmọ di èyí tó ń wọ́ nílẹ̀, ó sì ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà títí dòní. Àwòrán AR tẹ́ ẹ gbé lé ara èèyàn lè yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀ bí fóònù bá sún díẹ̀ tàbí bí aláìsàn bá mí, ara ẹni yẹn ò sì rí bíi tinú ápù. Ìyẹ̀ díẹ̀ yẹn ló tó láti bà á jẹ́.

Ìwúlò AR níbí ni ṣáájú, nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ẹ ṣí ìdí nínú ápù, ẹ yọ awọ, ẹ yọ iṣan tó wà lókè, ẹ wo bí sciatic ṣe gba ibẹ̀ kọjá, ẹ wo bí ó ṣe sún mọ́ ibi tí àwọn èèyàn máa ń gún. Ẹ ó rí ìdí tí wọ́n fi ní kí wọ́n máa gún ọmọ ọwọ́ ní iwájú itan lápá ìta, láàárín méjì ẹ̀, kì í ṣe ní ìdí. Fún àgbàlagbà, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ló láàbò jù: ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí eegun tó yọ ní òkè itan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ na ìka ìlábẹ̀ sí eegun tó yọ níwájú ìbàdí, ẹ ya ìka àárín sẹ́yìn sí ọ̀nà etí ìbàdí lókè, àárín ìka méjèèjì yẹn ni. Ẹ fi bíírò sàmì síbẹ̀ lórí aṣọ ẹlẹgbẹ́ yín, kí nọ́ọ̀sì àgbà yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ tún un ṣe lára ẹlòmíràn tó sanra àti ẹni tó tínrín, pẹ̀lú fóònù nínú báàgì.